Shikamoo: Èdè tí mo kọ́ kí n tó lọ wẹ ọmọ ní Zanzibar

Ó ku ọjọ́ 24 kí n wọ bàálù, Ìbàdàn

Àbúrò mi ti bímọ. Ọkùnrin ni. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán ni ìpè wọlé láti Zanzibar, erékùṣù kan ní Tanzania, ìyá wa kò sì lè dìde lórí ẹní mọ́. Wọ́n ń dúpẹ́, omijé ń bọ́.

Nígbà tó di alẹ́, wọ́n pè mí sí yàrá. Ó yẹ kí àwọn fúnra wọn lọ wẹ ọmọ náà, ṣùgbọ́n orúnkún kò gbà fún wọn mọ́. Àtẹ̀gùn ilé wa lásán, wọ́n ní láti di ògiri mú kí wọ́n tó gùn ún. Wọ́n ní, "Ìwọ ni wàá lọ. Wàá bá mi wẹ ọmọ, wàá fi omi gbígbóná tẹ ikùn àbúrò rẹ. Ṣùgbọ́n ohun kan ni mo bẹ̀ ọ́: má lọ dúró bí odi níwájú àna wa."

Mo mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Ìyá ọkọ àbúrò mi kò gbọ́ Yorùbá, wọn kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Swahili ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí a so yìgì ní Ìbàdàn, ara wọn kò yá, ọkùnrin méjì péré ló wá ṣojú ilé wọn. Láti ìgbà náà, orí fóònù nìkan ni àwọn ìyá méjèèjì ti ń pàdé. Ìyá mi á ní "Ẹ kú ilé o," tọ̀hún á fi ọ̀rọ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni dá wọn lóhùn, wọn á wá jọ máa rẹ́rìn-ín títí owó orí fóònù yóò fi tán.

Mo gbà. Ọjọ́ 24 ló wà nílẹ̀.

Ó ku ọjọ́ 22

Mo ra ìwé ìkọ̀wé kan, mo sì gba áàpù tí wọ́n fi ń kọ́ èdè sórí fóònù. Ní alẹ́ kan ṣoṣo, áàpù náà ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ pé ọmọdé ń jẹun, pé ológbò ń mu wàrà. Ó dára, ṣùgbọ́n kò sí ológbò nínú ohun tí ìyá mi rán mi. Mo kọ̀wé sí ọkọ àbúrò mi pé kó máa fi ohùn ránṣẹ́ sí mi ní WhatsApp, ìṣẹ́jú kan lójúmọ́, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ku ọjọ́ 21

Ohùn àkọ́kọ́ wọlé. Ó ní kí n gbàgbé "Jambo" tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹni tó bá kí èèyàn bẹ́ẹ̀, wọ́n á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ó wá wo òkun ni, yóò sì padà lọ. Ẹni ẹgbẹ́ ẹni, "Hujambo?" ni, tọ̀hún á ní "Sijambo," ìyẹn ni pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣe òun. Àwọn ọ̀dọ́ láàárín ara wọn, "Mambo?" "Poa."

"Ṣùgbọ́n ìyá mi," ó ní, "ìyẹn yàtọ̀. Ẹni tó bá jù yín lọ, 'Shikamoo' ni ẹ máa kí i. Òun á dáhùn pé 'Marahaba.'"

Mo bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní àwọn àgbà sọ fún àwọn pé inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "mo di ẹsẹ̀ yín mú" ló ti wá.

Mo gbọ́ ohùn yẹn nígbà mẹ́ta tẹ̀léra. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé kí n kúnlẹ̀ kí n tó lanu. Àwọn kan wà ní ìhà kejì Áfíríkà tí wọ́n fi ìkúnlẹ̀ náà sínú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, débi pé bí ọmọdé bá ń kọjá lọ pẹ̀lú ẹrù lórí, ẹnu rẹ̀ lè bá a kúnlẹ̀. Mo lọ sọ fún ìyá mi. Wọ́n ní, "Wò ó, ọmọ èèyàn ni wọ́n."

Ó ku ọjọ́ 19

Ìṣòro mi kì í ṣe ọ̀rọ̀, ohùn ni. Mo ń ka "shikamoo" sínú fóònù, ọkọ àbúrò mi sì ń dá a padà: "Ẹ má kọ ọ́ lórin." Swahili kò ní àmì ohùn. Èmi tí mo mọ̀ pé ọkọ kì í ṣe ọkọ́, pé ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀, ẹnu mi kò lè sọ sílébù kan kó má wá ibi tí yóò gbé ohùn gùn tàbí ibi tí yóò gbé e sọ̀. Ohun tí wọ́n ní dípò rẹ̀ ni pé wọ́n máa ń tẹ sílébù tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn: ka-RI-bu, sa-FA-ri, a-SAN-te. Tí mo bá ti tẹ ibẹ̀, tí mo fi ìyókù sílẹ̀ láìgbé e gùn, ó máa ń bọ́ sí i.

Àwọn nǹkan kan sì wà tó rọ̀ wá lọ́rùn ju àwọn Òyìnbó lọ. Fáwẹ̀lì márùn-ún péré ni wọ́n ní, kò sí ẹ, kò sí ọ. "Mtoto" ni ọmọ, "mji" ni ìlú, "nne" ni mẹ́rin. Ẹni tó ń sọ "mo ń bọ̀" àti "ńlá" látìgbà tó ti jáwọ́ lọ́mú, kí ló fẹ́ ṣòro fún un nínú ìyẹn?

Ó ku ọjọ́ 15

Òní ni mo mọ̀ pé ilé-kéwú tí wọ́n ń lù mí lọ ní kékeré kò lọ lásán.

Mo ń kọ́ òǹkà. Moja, mbili, tatu, nne, tano: àjèjì ni gbogbo wọn. Mo dé sita, saba, mo dúró. Mo dé tisa. Mo wá dé ogún: ishirini. Ogójì: arobaini. Ẹgbẹ̀rún: elfu. Èdè Lárúbáwá nìyí! Mo gbàgbé oúnjẹ lórí iná. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìwé náà kiri, mo sì ń kọ àwọn tó jọra sílẹ̀. Wákàtí tiwa, wakati tiwọn. Sábàbí, sababu. Àlùbáríkà, baraka. Sàdáákà, sadaka. Làákàyè, akili. Kítáábù, kitabu. Ọjọ́ tí àwọn àlùfáà wa ń pè ní Àlàmísì, Alhamisi ni tiwọn. Jímọ̀ wa, Ijumaa.

Àwọn ọjọ́ tó kù ní ọ̀sẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ìṣirò wọn. Sátidé ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀: Jumamosi ni àkọ́kọ́, Jumapili ni ìkejì, Jumatatu, tó ní "ẹẹ́ta" nínú, ni Mọ́ńdè. Èyí lè ṣi èèyàn lọ́nà gan-an. Mo fi bíírò pupa kọ ọ́.

Àwọn oníṣòwò tó la aṣálẹ̀ já ló gbé àwọn ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ tiwa, láti Mali àti ilẹ̀ Haúsá. Orí òkun ni wọ́n gbà dé tiwọn, pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń bá afẹ́fẹ́ wá láti ilẹ̀ Lárúbáwá. Orúkọ èdè náà gan-an, láti inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó túmọ̀ sí etí òkun ló ti wá. Òru ni mo tó sùn.

Ó ku ọjọ́ 11

Bíírò pupa lẹ́ẹ̀kan sí i. "Gari" ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. "Moto" ni iná, tàbí ohun gbígbóná. Tí mo bá ní mo gbé gààrí wá láti Ìbàdàn, ọkọ̀ ni wọ́n máa gbọ́. Omi gbígbóná tí mo fẹ́ fi wẹ ọmọ, "maji ya moto" ni. Mo ti ń tún méjèèjì sọ láti àárọ̀, kò tíì wọlé dáadáa.

Ó ku ọjọ́ 8

Inú mi kò dùn lónìí. Mo ti mọ nǹkan bí ọgọ́fà ọ̀rọ̀, mo mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè iye ọjà, bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀nà àti ilé ìtura. Ọkọ àbúrò mi ní kí a dán an wò lórí fóònù, kó ṣe ẹni tó ń ta ẹja, kí n ṣe ẹni tó ń rà á. Mo béèrè ìbéèrè mi, ó já gaara. Ó dáhùn. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìdáhùn náà.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìdajì ni mo ń kọ́. Gbogbo ohun tó wà nínú ìwé mi, ohun tí ẹnu mi máa sọ ni. Kò sí ohun tí etí mi máa gbọ́. Ẹni tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀nà, tí kò kọ́ "kulia" àti "kushoto," yóò kàn máa wo ìka tọ̀hún ni. (Ẹ ò rí i, "mkono wa kulia," ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tí wọ́n fi ń jẹun ni. Bí ìyá mi ṣe máa ń sọ fún ọmọdé náà nìyẹn.)

Mo fa ilà sí àárín gbogbo ojú ewé tó kù. Apá òsì, ohun tí èmi máa sọ. Apá ọ̀tún, gbogbo ohun tí wọ́n lè fi dá mi lóhùn. Mo sì kọ gbólóhùn mẹ́ta sí ẹ̀yìn ìwé, àwọn tó máa gbà mí tí gbogbo rẹ̀ bá dàrú: "Sielewi," kò yé mi. "Sema polepole, tafadhali," ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ ọ́. "Naomba urudie," mo bẹ̀ yín, ẹ tún un sọ. Ọkọ àbúrò mi tẹnu mọ́ "naomba" yẹn gan-an. "Nataka" ni "mo fẹ́," kò sì burú, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa, "naomba" ló ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ omi tútù ló ń tọrọ.

Ó ku ọjọ́ 2

Ẹrù: òrí, ọṣẹ dúdú, aṣọ òkè fún àna wa, gààrí Ìjẹ̀bú fún àbúrò mi, káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ìyá mi ní kí n kọ́ gbólóhùn kan sí i, èyí tí mo máa jẹ́ fún àna wa: "Mama anakusalimu sana." Ìyá mi ń kí yín gan-an. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ sí àwọn létí kí àwọn gbọ́ bó ṣe rí.

Ọjọ́ kìíní, Èkó sí Dar es Salaam

A gba Addis Ababa. Ìlà pọ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Dar. Òṣìṣẹ́ tó gba ìwé ìrìnnà mi kò tíì gbójú sókè nígbà tí mo ní "Habari za jioni?" ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ó gbójú sókè. "Nzuri sana! Habari za safari?" Ó dáa gan-an, ìrìn àjò ńkọ́? "Nzuri." Ó wá da ọ̀rọ̀ bò mí bí òjò. Mo ní "Sielewi," ó rẹ́rìn-ín, ó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì béèrè káàdì abẹ́rẹ́. Wákàtí méjì ni aago wọn fi ṣáájú tiwa. Mo sùn láìjẹun.

Ọjọ́ kejì, Kariakoo

Ọkọ̀ ojú omi di ọ̀la, nítorí náà mo lọ ra kanga, aṣọ ìró àwọn obìnrin wọn, fún àna wa ní ọjà Kariakoo. Àwọn Áfíríkà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó láti máa ru ẹrù ogun nígbà ogun àgbáyé kìíní ni ọjà náà ti gba orúkọ: "Carrier Corps" ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu àwọn ará ìlú sọ ọ́ di Kariakoo.

Aṣọ méjì tí kò tíì yà kúrò lára ara wọn ni wọ́n ń ta kanga. Ó ní etí, ó ní àárín, ó sì ní gbólóhùn kan tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀. Gbólóhùn yẹn ló ń sọ irú aṣọ tó jẹ́. Èyí tí mo nawọ́ sí, àwọ̀ ewé àti pupa, ó wù mí lójú. Obìnrin tó ń tà á ní, "Ya nani, dada?" Ta ló ni ín?

Dada. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀, orí mi lọ sí ọmọ onírun dídì. Ẹ̀gbọ́n obìnrin ló túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wọn, obìnrin èyíkéyìí ni wọ́n sì fi ń pè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo wo ìwé mi, mo ní, "Mama mkwe wa mdogo wangu." "Mdogo wangu" ni àbúrò mi. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí pé láti ọjọ́ yìí, tí mo bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé mo fi ohun kan pamọ́ nígbà tí n kò bá lè sọ nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bóyá ẹ̀gbọ́n ni tàbí àbúrò.

Obìnrin náà gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi. "Hapana, dada. Hii si ya mkwe." Rárá, èyí kì í ṣe ti àna. Ó ka ohun tó wà lára rẹ̀, ó fi ọwọ́ júwe bí obìnrin kan ṣe ń kọ ẹ̀yìn sí orogún rẹ̀, ó yé mi. Àrokò ni! Bí mo bá gbé e lọ, mo ti sọ ohun tí n kò mọ̀ pé mo sọ. Ó wá òmíràn jáde, ó ka gbólóhùn náà fún mi díẹ̀díẹ̀, mo gbọ́ "Mungu" tó jẹ́ Ọlọ́run, mo sì gbọ́ "mama." Elfu kumi na tano, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ní "Punguza kidogo," ẹ dín in kù díẹ̀. Elfu kumi na mbili, ẹgbẹ̀rún méjìlá. Mo san án, mo sì kí i bí ẹni tó gbà mí lọ́wọ́ ewu, nítorí ó gbà mí lóòótọ́.

Ọjọ́ kẹta, orí òkun àti Mji Mkongwe

Ọkọ̀ ojú omi náà kò lò ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ, ṣùgbọ́n òkun ń ru. Mo bì. Ìyá kan tó jókòó tì mí di èjìká mi mú, wọ́n ń pa mí lẹ́yìn, wọ́n ní, "Pole. Pole, dada."

Mo ti kọ "pole" sínú ìwé. N kò tíì gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn rí. Pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi ìbá sọ gan-an ni, lọ́nà kan náà, fún ìdí kan náà. Nígbà tí a sì ń sọ̀ kalẹ̀, tí ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, wọ́n ní, "Polepole." Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. N kò mọ̀ bóyá àwọn ọ̀rọ̀ náà bá ara wọn tan, n kò sì fẹ́ pa á nítàn. Mo kàn mọ̀ pé mo sunkún díẹ̀.

Ọkọ àbúrò mi pàdé mi ní èbúté. Ọ̀nà inú Mji Mkongwe, ìlú àtijọ́ Zanzibar, tóóró débi pé bí kẹ̀kẹ́ bá ń bọ̀, ògiri ni wàá fẹ̀yìn tì. Àwọn ilẹ̀kùn wọn jẹ́ igi gbígbẹ́, wọ́n kan idẹ ṣóńṣó mọ́ ọn lára. Ó ní kí èmi kan ìlẹ̀kùn. Mo ní, "Hodi!" Bí àwa náà ṣe máa ń sọ "Àgò o, onílé" nìyẹn. Láti inú lọ́hùn-ún, ohùn àgbàlagbà kan: "Karibu!"

Wọ́n jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Wọ́n kúrú ju bí wọ́n ṣe rí nínú fóònù lọ. Mo kúnlẹ̀ kí n tó rántí pé ẹnu nìkan ló yẹ kó kúnlẹ̀ níbí, mo ní, "Shikamoo, mama."

"Marahaba," wọ́n ní. Wọ́n tún un sọ, "Marahaba, mwanangu," ọmọ mi, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé mi dìde. Ó ya àwọn tó wà nílé lẹ́nu pé mo fi eékún kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. "Habari za nyumbani?" Ilé ńkọ́? "Nzuri." "Habari za safari?" "Salama." Ti àwọn ọmọ? Ti iṣẹ́? "Mama hajambo?" Ṣé ara ìyá le? Apá ọ̀tún ìwé mi ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan nínú orí mi, kò sí èyí tó fò mí ru. Wọn kò yára, èmi náà kò yára. Ẹni tó bá ti dàgbà nílé Yorùbá mọ̀ pé èèyàn kì í já ìkíni gé.

"Hajambo," mo ní. "Mama anakusalimu sana."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n sì mú mi wọlé lọ bá ọmọ.

Ọjọ́ kẹrin

Ọmọ náà fi etí jọ bàbá wa. Mo wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo fa apá rẹ̀, tí mo sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan àyà bí wọ́n ṣe kọ́ mi, àna wa pariwo, "Polepole! Polepole!" Mo fẹ́ sọ pé bí a ṣe ń ṣe é nílé nìyí, n kò rí ọ̀rọ̀. Àbúrò mi sọ ọ́ fún mi láti orí ibùsùn: "Kwetu tunafanya hivi." Mo sọ ọ́. Ojú wọn rọ̀. "Kwetu" kan náà, lọ́dọ̀ tiwa, ni wọ́n fi dá mi lóhùn, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn hàn mí bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀. Ọmọ wẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà.

Kí n tó kúrò nílé, "kwetu" kò sí nínú ìwé mi. Ó yẹ kó wà lára mẹ́wàá àkọ́kọ́.

Ọjọ́ kẹfà

Aṣiṣe ńlá. Lánàá, nọ́ọ̀sì pe fóònù àbúrò mi, ó ń wẹ̀ lọ́wọ́, mo sì gbé e. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀: kí a gbé ọmọ wá fún wíwọ̀n, "kesho, saa nne." Kesho, ọ̀la. Saa, aago. Nne, mẹ́rin. Orí mi wú. Mo sọ fún àbúrò mi pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọ̀la ni, kò sì rídìí tó fi máa yẹ̀ mí wò. A múra, a gbé ọmọ nínú oòrùn, a bá ilẹ̀kùn ní títì.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni saa nne. Ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni wọ́n ti ń ka aago. Aago méje àárọ̀ ni saa moja, wákàtí kìíní ojúmọ́. Ọ̀sán gangan ni saa sita. Nígbà tí oòrùn bá wọ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan. Zanzibar kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, nítorí náà oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ àkókò rẹ̀ láti oṣù dé oṣù. Bí mo ṣe rò ó tó, ó bọ́gbọ́n mu ju tiwa tó ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ ní ọ̀gànjọ́ òru lọ. Àwọn baba wa tó ń sọ pé "ìyálẹ̀ta," ìrìn oòrùn ni àwọn náà ń wò.

Ṣùgbọ́n ọlọ́mọ tuntun rìn lásán nítorí mi, ó dùn mí wọra. Ohun tí mo kọ sí ìwé: béèrè "asubuhi au jioni?", àárọ̀ ni tàbí ìrọ̀lẹ́, kí o sì tọ́ka sí aago. A padà lọ lọ́jọ́ kejì, a bá wọn.

Ọjọ́ kẹjọ, Darajani

Wọ́n rán mi lọ́jà. Láti ọdún 1904 ni wọ́n ti kọ́ ọjà Darajani. Mo béèrè kílò méjì "wali," olùtajà náà sì nawọ́ sí ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ. Ìrẹsì tó wà nínú abọ́, tó ti jinná, ni wali. Èyí tó wà nínú àpò ni mchele. Èyí tó ṣì wà lóko ni mpunga. Mo dúró níbẹ̀, mo ń rò ó pé bẹ́ẹ̀ náà ni: kò sẹ́ni tó ń wọ Bódìjà lọ béèrè àmàlà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta iṣu, tàbí tó ń pe èlùbọ́ ní àmàlà.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Jímọ̀. Òjò. Mo sùn pẹ̀lú ọmọ láyà.

Ọjọ́ kọkànlá

Ọkọ àbúrò mi mú mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹrú títí di ọdún 1873. Ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lórí ilẹ̀ náà báyìí. Bíṣọ́ọ̀bù tó ń jẹ́ Edward Steere, ẹni tó ṣe ìwé lórí èdè Swahili tí wọ́n tẹ̀ ní 1870, wà lára àwọn tó kọ́ ọ. Mo dúró pẹ́. Ajayi Crowther ni mo ń rò, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tó sì kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sínú ìwé ní 1843. Òun kò kọ́ ọ láti lọ kí àjèjì. Èdè tó fi ń pe ìyá rẹ̀ ló kọ sílẹ̀.

Ọ̀nà ilé ni ọkọ àbúrò mi ti sọ fún mi pé Swahili ti ìlú yìí gan-an ni wọ́n mú ní nǹkan bí ọdún 1930 láti fi ṣe èyí tí wọ́n ń kọ ní ilé-ìwé káàkiri ìlà-oòrùn Áfíríkà, àti pé 7 Oṣù Keje ni UNESCO fi ṣe ọjọ́ rẹ̀ lágbàáyé. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàlá

Mo pa àna wa lẹ́rìn-ín láìlo ìwé. N kò lè ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ gari ni.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún, arobaini

Ọmọ pé ogójì ọjọ́ lónìí. Wọ́n fá orí rẹ̀, wọ́n ṣàdúrà, ilé kún. Mo kí shikamoo títí ẹnu fi ro mí, àwọn ọmọ kéékèèké sì ń kí èmi náà bẹ́ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọdé kan sọ "Shikamoo" sí mi, mo fẹ́ dá a lóhùn pé "Nzuri". Àbúrò mi fi ìgúnpá gún mi. "Marahaba," mo ní.

Nígbà tí èrò túká, àna wa béèrè ìwé mi. Wọ́n ti ń rí i lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ tí mo dé. Wọ́n ṣí i sí ojú ewé tó mọ́, èyí tí mo ti fa ilà sí àárín, tí n kò tíì kọ nǹkan kan sí. Wọ́n bi mí pé kí ni ọ̀rọ̀ tí ìyá mi máa ń kọ́kọ́ sọ lórí fóònù. Mo ní, "Ẹ kú ilé." Wọ́n ní "Polepole." Mo sọ ọ́ polepole. Wọ́n gba bíírò, wọ́n sì kọ ọ́ láti apá ọ̀tún, ní lẹ́tà kéwú, bí àwọn àlùfáà wa àtijọ́ náà ṣe ń kọ Yorùbá. Wọ́n bi mí ní èyí tí ìyá mi lè fi dá wọn lóhùn. Wọ́n kọ ìyẹn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n dá ìwé náà padà fún mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Alifu, kafu, lamu: mo fi ìka tẹ̀ lé e, mo kà á sókè, ohun tó sì jáde lẹ́nu mi ni "ẹ kú ilé."

Wọ́n ní kí n pe Ìbàdàn.